Àwòrán Tí Kì Í Gbẹ: Ohun Tí Pásítẹ́ẹ̀lì Ti Kọ́ Mi

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí jù lọ, tí wọ́n bá dúró ti iṣẹ́ mi, ni pé, "Ìgbà wo ni yóò gbẹ?" Ẹ̀rín ló máa ń pa mí, torí ìdáhùn rẹ̀ kì í tẹ́ ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Kò ní gbẹ. Bí ó bá jẹ́ pásítẹ́ẹ̀lì rírọ̀, ọ̀pá àwọ̀ tó dà bí ṣọ́ọ̀kì, ni mo fi yà á, kò sí ohun tútù kankan nínú rẹ̀ tí yóò gbẹ. Eruku ni, eruku ni yóò sì máa jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pásítẹ́ẹ̀lì elépo ni, epo inú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń gbẹ. Ẹni tó ń lo ọ̀dà lè parí iṣẹ́, kó fi í síbẹ̀, kó lọ sùn, kí afẹ́fẹ́ sì bá a ṣe ìyókù. Èmi kò ní olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń yan pépà, bí mo ṣe ń tẹ àwọ̀ lé àwọ̀, bí mo ṣe ń gbé àwòrán sínú férémù, ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá: ohun tí mo bá fi lé pépà kò ní yí padà, kò sì ní le.

Kì í ṣe wàhálà nìkan ló wà níbẹ̀ o. Epo inú ọ̀dà elépo máa ń pọ́n bí ọjọ́ bá ti ń lọ, ó sì lè sán. Pásítẹ́ẹ̀lì rírọ̀ kò ní epo tí yóò pọ́n. Ní Venice, nílẹ̀ Ítálì, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Rosalba Carriera, tí wọ́n bí ní 1673. Pásítẹ́ẹ̀lì ló fi ń ya ojú àwọn ọlọ́lá títí òkìkí rẹ̀ fi kan ilẹ̀ Faransé, nígbà tó sì di 1720, wọ́n gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ọba ní Paris. Maurice Quentin de La Tour, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán Madame de Pompadour, olólùfẹ́ ọba Faransé, tí ọkùnrin yìí gbé síta ní 1755 ṣì wà ní Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Paris, dòní. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn tó wà lóòró, ọ̀pọ̀ pépà ni wọ́n sì so pọ̀ kó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀: aṣọ sẹ́dà, ìwé, tábìlì, ojú obìnrin náà, eruku ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀kì ọmọléèwé ni mo fi ń ṣeré, àwòrán yẹn ni mo máa ń júwe fún un.

Ohun tó wà nínú ọ̀pá pásítẹ́ẹ̀lì rírọ̀ kò pọ̀. Àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n ń pò mọ́ omi àti oje igi díẹ̀, ìwọ̀nba tó kàn lè mú un dìpọ̀, wọ́n á yí i bí ọ̀pá, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀ sí i, wọ́n á fi ẹfun tàbí àwọ̀ funfun kún un. Bí oje náà bá ṣe kéré tó ni ọ̀pá náà ṣe máa ń rọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ tó ń fi sílẹ̀ ṣe máa ń kún tó. Nítorí náà, èyí tó dára jù lọ nínú wọn ló tún ń fọ́ jù lọ. Mo ti rí ẹni tó ná owó gidi, tí ọ̀pá náà rún mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì ní wọ́n lu òun ní jìbìtì. Rírọ̀ yẹn gan-an ni ohun tó sanwó lé lórí. Èyí tó le, tó ṣeé gbẹ́ ṣóńṣó, wúlò fún ìlà tín-ín-rín àti ìpìlẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ohun tí ọ̀pá rírọ̀ ń ṣe nígbà tí àwòrán bá ń parí lọ.

Níwọ̀n bí a kò ti lè po àwọ̀ pọ̀ nínú àwo bí a ti ń po ọ̀dà, àfi kí àwọ̀ tí a nílò ti wà nínú àpótí, tàbí kí a pò ó lórí pépà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré ra àpótí ńlá. Mi ò bá wọn jiyàn, àpótí ńlá dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ohun tó yí iṣẹ́ tèmi padà ni pé mo tú àpótí mi palẹ̀, mo sì tún un tò láìwo pupa tàbí búlúù, bí kò ṣe bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ti mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn sí. Àwọn tó ṣókùnkùn lápá kan, àwọn tó wà láàárín níbi tiwọn, àwọn tó mọ́lẹ̀ lọ́tọ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ ya òjìji, ọwọ́ mi á lọ síbi òkùnkùn, n óò sì mú èyí tó bá wù mí níbẹ̀. Mo ti fi àwọ̀ aró ya òjìji abẹ́ àgbọ̀n, mo ti fi àwọ̀ ewé yà á, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè, nítorí pé ìwọ̀n òkùnkùn náà tọ́. Tí mo bá ń ṣiyèméjì, màá dín ojú mi kù títí àwòrán náà yóò fi di bàìbàì. Ohun tó bá ṣì hàn nígbà yẹn ni egungun iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń ra àpótí fúngbà àkọ́kọ́, kó wo iye àwọ̀ òkùnkùn tó wà nínú rẹ̀ kó tó sanwó. Àwọ̀ títàn ló máa ń kún inú ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tó ṣókùnkùn gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ tán.

Ẹ dá ọ̀pá náà sí méjì, ẹ bọ́ pépà ara rẹ̀ dànù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ni mo fi ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mi, kì í ṣe orí rẹ̀.

Wàyí o, pépà. Bí ẹnìkan bá ní owó tí kò tó nǹkan, màá ní kó ra ọ̀pá díẹ̀, kó sì fi èyí tó pọ̀ nínú owó náà ra pépà tó dára. Eruku kò lè dúró lórí ohun tó ń dán. Ó nílò ojú tó rí gáragàra, kí ó lè há sáàárín rẹ̀. Pépà Canson Mi-Teintes, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ní ojú méjì: ọ̀kan ní àmì bí afárá oyin, èkejì sì tẹ́jú jù ú lọ. Èyí tó tẹ́jú yẹn ni mo máa ń lò fún ojú ènìyàn, torí àmì afárá oyin yẹn a máa yọjú láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí a kò ti pè é. Àwọn pépà kan tún wà tó rí bí sáńdípépà, tí wọ́n ń fi nọ́mbà sọ bí wọ́n ti kúnná sí: bí nọ́mbà bá ṣe ń ga sí i ni ojú pépà ń kúnná sí i. Ilé iṣẹ́ UArt, fún àpẹẹrẹ, ń ṣe é láti 240 títí dé 800. Èyí tó wà láàárín ló bá mi lára mu. Èmi fúnra mi tún máa ń ṣe tèmi: mo ń po gesso, ọ̀dà funfun tí a fi ń múra ojú pépà sílẹ̀, mọ́ lẹ́búlẹ́bú pumice, òkúta fífúyẹ́ tó rí gáragàra, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára páálí tó nípọn, mo sì ń jẹ́ kí ojú búrọ́ọ̀ṣì hàn. Ipa búrọ́ọ̀ṣì yẹn a máa bá mi ya igi àti koríko láìjẹ́ pé mo ṣe wàhálà.

Pépà dà bí ikùn, ó ní ibi tó ń yó dé. Bí àlàfo ojú rẹ̀ bá ti kún, àwọ̀ tuntun tí ẹ bá fi lé e yóò kàn máa yọ̀ ni, tàbí kó máa gbé èyí tó wà nísàlẹ̀ kúrò. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú pásítẹ́ẹ̀lì rírọ̀, ọgbọ́n bí a ṣe ń bọ́ pépà láìjẹ́ kó tètè yó ni. Ọwọ́ mi fúyẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, débi pé ẹni tó bá wò ó yóò rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọ̀pá líle ló ń ṣíwájú, èyí tó rọ̀ jù lọ ló ń kẹ́yìn. Òkùnkùn ló ń ṣíwájú, ìmọ́lẹ̀ ló ń kẹ́yìn, torí àwọ̀ funfun tó bá wọ àlàfo pépà níbẹ̀rẹ̀ yóò máa dàpọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e, yóò sì sọ òkùnkùn di eérú. Nígbà míì, n kì í fi eruku bẹ̀rẹ̀ rárá. Mo lè fi ọ̀dà olómi kun gbogbo ojú pépà, tàbí kí n fi ọ̀pá líle fa àwọ̀ díẹ̀ kí n sì fi búrọ́ọ̀ṣì tí mo rì bọ ọtí líle inú ìgò oògùn tú u ká. Ọtí náà á fẹ́ lọ, àwọ̀ á wà níbẹ̀ bí àbààwọ́n, àlàfo pépà kò sì ní dí. Bí apá kan bá ti yó, búrọ́ọ̀ṣì onírun líle ni mo fi ń gbọ̀n ọ́n dànù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, n óò sì tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ ni àríyànjiyàn máa ń wà lé lórí. Àwọn kan kì í ya ohunkóhun láìfi ìka pa á. Èmi a máa pa á níbi tó bá yẹ kí ojú kọjá láì dúró: òfuurufú tó jìnnà, ẹ̀yìn ilé tó wà nínú òjìji. Níbi tí mo bá fẹ́ kí àwòrán wà láàyè, n kì í fi ìka kàn án. Nígbà tí eruku bá jókòó fúnra rẹ̀ lórí pépà, ojú ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan á kọ sí ọ̀nà tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì máa fọ́nká lára wọn. Òun ló jẹ́ kí pásítẹ́ẹ̀lì máa tàn lọ́nà tí ọ̀dà mìíràn kì í gbà tàn. Ìka máa ń tẹ̀ wọ́n pa, á fi epo ara kún un, á sì dí àlàfo tó kù. Dípò kí n pa pupa àti ewé pọ̀, mo máa ń fa ìlà pupa, kí n fa ìlà ewé gba àárín rẹ̀ kọjá, kí ojú ẹni tó ń wò ó bá mi pò ó láti òkèèrè.

Ibi tí èyí ti dùn mọ́ mi jù ni awọ ara ènìyàn dúdú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mú àwọ̀ igi àti àwọ̀ dúdú, wọ́n á gbà pé ó parí. Ẹ gbé ọ̀pá dúdú yẹn sí kọ̀rọ̀ ná. Níbi òjìji, mo máa ń to aró, elésè-àlùkò àti àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn lé ara wọn. Láàárín ojú, níbi ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú tí ẹ̀jẹ̀ ti sún mọ́ ìta, pupa ilẹ̀ àti àwọ̀ ọsàn ló ń gbé e jí. Níwájú orí àti lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibi tó ń dán, funfun kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Àwọ̀ ohun tó tan ìmọ́lẹ̀ náà ló wà níbẹ̀. Bí ènìyàn náà bá jókòó sẹ́bàá fèrèsé, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni, nítorí ojú ọ̀run ló ń wo iwájú orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gílóòbù ló wà lókè rẹ̀, ìyeyè ni. Awọ tó dúdú tó sì ń dán ń gba àwọ̀ àyíká rẹ̀ ju awọ tó funfun lọ lójú tèmi, ìdí nìyẹn tí n kò fi mọ irinṣẹ́ tó yẹ ẹ́ ju èyí lọ.

Fixative, omi inú agolo tí wọ́n ní kí a fín sí i kí eruku má ṣí, jẹ́ ohun tí mo ní èrò tèmi lé lórí. Ohun tó ń mú kí eruku mọ́lẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ẹ̀rún àti ẹ̀rún. Bí a bá fín oje sí i, oje náà á gba ipò afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ kò ní fọ́nká mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá, àwọ̀ á sì ṣókùnkùn. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ni ìyà náà ń jẹ jù. Nítorí náà, n kì í fín in sí iṣẹ́ tó ti parí. Àárín iṣẹ́ ni mo ti ń lò ó, díẹ̀, láti òkèèrè, nígbà tí mo bá fẹ́ kí ìsàlẹ̀ dúró kí n lè gun orí rẹ̀. Degas, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe bẹ́ẹ̀ púpọ̀: ó ń fín, ó ń kùn, ó tún ń fín, ó sì tún máa ń fi ooru omi gbígbóná sọ eruku di ọbẹ̀ tó ṣeé fi búrọ́ọ̀ṣì tì kiri. Ẹni tó bá wo àwọn obìnrin tó ń wẹ̀ tí ó yà yóò rí ìlà lórí ìlà lórí ìlà, tí àwọ̀ ìsàlẹ̀ ṣì ń yọjú. Kò sí pépà tó lè gba gbogbo ìyẹn bí kò bá sí oje láàárín.

Pásítẹ́ẹ̀lì elépo ni kí a wá bọ̀ sí. Ó kéré lọ́jọ́ orí gan-an. Ilé iṣẹ́ Sakura ní Japan ló gbé Cray-Pas jáde ní 1925, àwọn ọmọléèwé ni wọ́n sì ń rò nígbà náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Picasso, ayàwòrán olókìkí nì, rọ ilé iṣẹ́ Sennelier ní Paris pé kí wọ́n ṣe èyí tó tó ayàwòrán lò, ó sì jáde ní 1949. Àwọ̀, ìda, àti epo alumọ́ni ni wọ́n fi ń ṣe é. Òróró linseed tó wà nínú ọ̀dà elépo máa ń bá afẹ́fẹ́ ṣe nǹkan pọ̀ títí yóò fi le; epo alumọ́ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ní awọ fẹ́lẹ́ lójú bí ó bá pẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi èékánná ha á, ẹ ó rí i pé ó ṣì rọ̀.

Nítorí náà, òfin rẹ̀ yàtọ̀. Kò sí eruku, a kò nílò ìbòmú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ igi, kánfáàsì, kódà gíláàsì. Bí mo bá fẹ́ lò ó lórí pépà, mo máa ń kọ́kọ́ fi gesso kun pépà náà, kí epo má baà mu wọ inú rẹ̀ kó sì yọ àbààwọ́n lẹ́yìn. Ìpele àkọ́kọ́, mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti tapẹntáìnì díẹ̀ tú u ká, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Tapẹntáìnì á fẹ́ lọ, ìpele náà á sì tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kíkankíkan. Àpò mi kì í wà láìsí àkísà, torí ọ̀pá funfun tó bá gba orí búlúù kọjá lẹ́ẹ̀kan ti di búlúù lẹ́nu. Àfi kí n nù ún kí n tó tún fà á. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni ọ̀bẹ. Mo lè kun ìyeyè, kí n fi aró bò ó pátápátá, kí n wá fi ọ̀bẹ ha koríko jáde láti inú aró náà, ìyeyè á sì yọ láìlábàwọ́n. Ẹ má fi ọ̀dà elépo gidi lé e lórí o: èyí tó ń gbẹ kò lè pẹ́ lórí èyí tí kò ní gbẹ. Eruku pásítẹ́ẹ̀lì rírọ̀ náà kì í rí ibi dì mú lórí rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, ọ̀pá náà á rọ̀ bí ọṣẹ tó wà nínú omi. Mo máa ń gbé tèmi sínú fíríìjì fún ìgbà díẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ kékeré tó yára, tó lágbára, ló yẹ ẹ́ jù. Ojú ènìyàn tó tóbi tó ìwọ̀n èékánná kò sí nínú ohun tó lè ṣe.

Eruku pásítẹ́ẹ̀lì rírọ̀ kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn. Àwọn àwọ̀ kan ní cadmium tàbí cobalt, irú irin tó lè pani lára, nínú, kò sì yẹ kó wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. N kì í fi ẹnu fẹ́ àwòrán mi láé. Pákó mi máa ń wà lóòró, tí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí eruku lè já bọ́ sínú pépà tí mo ṣẹ́ bí gọ́tà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìbòmú ń bẹ lójú mi, ìbọ̀wọ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi bí iṣẹ́ bá pọ̀, àkísà tútù ni mo sì fi ń nu ilẹ̀, kì í ṣe ìgbálẹ̀. Eruku inú gọ́tà yẹn, n kì í dà á nù. Mo ń fi omi díẹ̀ pò ó, mo ń yí i bí ọ̀pá, mo ń jẹ́ kó gbẹ. Àwọ̀ eérú tó ń jáde níbẹ̀ kì í jọra lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí èyí tí mo rà tó bá iṣẹ́ mi mu tó o.

Ọ̀rọ̀ férémù ló kù, ibẹ̀ ni mo sì máa ń le koko jù pẹ̀lú àwọn oníbàárà. Gíláàsì ni. Ọ̀pọ̀ ń fẹ́ ike nítorí pé ó fúyẹ́, kì í sì í fọ́, ṣùgbọ́n bí a bá nu ike, ó máa ń ní agbára tó ń fa nǹkan mọ́ra, yóò sì máa fa eruku kúrò lára pépà díẹ̀díẹ̀. Gíláàsì náà kò gbọ́dọ̀ kan àwòrán: páálí tó nípọn tàbí igi tín-ín-rín ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, yálà rírọ̀ ni tàbí elépo. Kí n tó ti férémù pa, mo máa ń gbá ẹ̀yìn pákó náà, kí ohun tó máa já bọ́ tètè já bọ́. Oòrùn tààrà kò dára fún un pẹ̀lú. Mo ti sọ pé pásítẹ́ẹ̀lì rírọ̀ kò ní epo tí yóò pọ́n, ṣùgbọ́n àwọ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣá bí kò bá jẹ́ ojúlówó, pàápàá àwọn pupa rẹ́súrẹ́sú àti elésè-àlùkò olówó pọ́ọ́kú. Ẹ wo ara ọ̀pá tàbí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é bóyá wọ́n kọ bó ti lè fara da ìmọ́lẹ̀ tó. Nítorí èyí ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe ń fi iṣẹ́ orí pépà sí ìmọ́lẹ̀ tí kò ju nǹkan bíi 50 lux (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń dáàbò bò: àwòrán "Igbe" (The Scream) tí Edvard Munch, ayàwòrán ọmọ Norway, fi pásítẹ́ẹ̀lì yà ní 1895 ni wọ́n tà ní New York ní 2012 ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 120 dọ́là.

Bí àwòrán kan bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, mo máa ń fi glassine, pépà fẹ́lẹ́ tó ń dán, bò ó lójú, kí n fi páálí méjì há a, kí n sì gbé e ní títẹ́jú, ojú sókè. Tí ó bá ti wà nínú férémù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń kọ̀wé sí pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: ohun tí mo fi yà á, ọdún, àti pé kí wọ́n má dojú rẹ̀ délẹ̀. Fún èyí tó jẹ́ elépo, mo máa ń fi kún un pé kí wọ́n má gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa.